Ràmọ́tà Onísọ́kẹ́ẹ̀tì àti Máìkì Ládàánì

Ohun kan ṣoṣo ni Ràmọ́tà mọ̀ ọ́n ṣe nínú iṣẹ́ rẹdíò, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí rẹdíò yín bá ń kùn bí oyin, kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ń jẹ téèpù kásẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e lọ fún Frederick lódìkejì títì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki pulọ́ọ̀gù bọ ojú ihò rẹ̀, tí ohùn ń wá tí ó ń lọ, tí ẹ ní láti fi ìka ti wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí oníròyìn tó lè sọ̀rọ̀, ẹ ti dé ilé oníṣẹ́ nìyẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ Ràmọ́tà. Kò tún sí òmíràn.

Ibi tó ti kọ́ ọ kò fara sin. Ó ti pẹ́ nídìí tábìlì gígùn kan ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to rẹdíò ní Ìkẹjà, láàárín àwọn obìnrin tó wọ kóòtù funfun bíi nọ́ọ̀sì. Pánẹ́ẹ̀lì á máa kọjá níwájú wọn, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ya ọ̀nà iná sí lára. Ẹnì kan á fi èyí sí i, ẹlòmíràn á fi tọ̀hún sí i. Bó bá kan Ràmọ́tà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ihò pánẹ́ẹ̀lì, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ìdí rẹ̀ á fi jókòó dáadáa, á de bóòtù rẹ̀, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi ayọ́ọ̀nù gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́. Ẹni tó bá yọ́ lẹ́ẹ̀dì kí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jókòó, ọ̀gá wọn, Àǹtí Matilda, á gbé e padà fún un níṣojú gbogbo ayé.

"Lẹ́ẹ̀dì kì í gbẹrù," ni Àǹtí Matilda máa ń wí. "Iná ni kí ẹ jẹ́ kó máa gbé kọjá. Bóòtù ni kí ẹ gbé ẹrù fún."

Nígbà tó di bí ọdún 1984 tí àwọn ohun èlò láti òkè òkun kò wọlé dáadáa mọ́, ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn. Ràmọ́tà kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ìjagun. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń tún rẹdíò ṣe! Èyí tó tilẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni pé obìnrin náà ń dá iṣẹ́ padà. "Èyí kì í ṣe ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e lọ fún Frederick." Frederick yìí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ pè é ní Ìyá Sọ́kẹ́ẹ̀tì, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ràmọ́tà kò bínú. Ó mọ̀ pé bí Frederick ṣe mọ iṣẹ́ tó, bí ẹni da àkàrà sínú epo ló ṣe máa ń da lẹ́ẹ̀dì sí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í sì í pẹ́ tí yóò tún fi yẹ̀. Nígbà tó yá, Frederick fúnra rẹ̀ a máa gbé wọn sọdá títì wá, á ní, "Ìyá Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọmọ yín rèé o."

Bí Ràmọ́tà bá ṣe iṣẹ́ tán, kì í fẹnu sọ pé ó ti dára. Á ki pulọ́ọ̀gù bọ̀ ọ́, á di wáyà mú, á sì fi wáyà náà gbé odindi rẹdíò sókè níṣojú olówó rẹ̀, á máa mì í bí ẹni mú adìyẹ lẹ́sẹ̀. Tíṣà kan láti Odògbólú figbe ta lọ́jọ́ kan, ó ní rẹdíò ìyàwó òun nìyẹn o, kó má pa òun. Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ká sòótọ́, ó fẹ́ràn kí ojú máa wò ó nígbà tó bá ń ṣe é. Inú ìgbéraga kékeré yìí ni wàhálà gbà wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, àpótí irin tó wúwo, tí wọ́n gbé ka ojú fèrèsé lápá iwájú. Wáyà kan ti ara rẹ̀ lọ sí họ́ọ̀nù orí òrùlé, èkejì lọ sí máìkì tí Ládàánì máa ń mú lọ́wọ́ tó bá ń pe ìrun. Bàbá Làmídì ni Ládàánì yìí. Arúgbó ni, ó ti ń pe ìrun láti ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé orí òkúta ló máa ń dúró sí. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn onígbàgbọ́ àdúgbò pàápàá ń fi í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀wà kaná. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọyẹ́ ni ohùn náà ti ń gé. "Ọlọ́run tóbi" á jáde kedere, ìjẹ́rìí á jáde kedere, àmọ́ bó bá ti dé ibi "ẹ wá kírun", ohùn á pa lọ bí iná àtùpà. Gbogbo ìpè ni àdúgbò ń gbọ́, àfi ibi tí wọ́n ti ń pè wọ́n gan-an.

Baba Àdínì, olórí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin tí nǹkan gbogbo gbọ́dọ̀ gún régé fún, ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ó ní ohùn Ládàánì ló ti tán. Ó ní bí kò bá yanjú, kí bàbá lọ sinmi nílé, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Bàbá Làmídì tòun ti àpótí náà dé ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́tà.

Ràmọ́tà tú àpótí náà, kò tilẹ̀ wò ó pẹ́. Ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì máìkì ti mì kúrò lójú ihò rẹ̀ lára pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́ẹ̀dì tó yí i ká sì ti sán.

"Baba, kì í ṣe ohùn yín o," ó ní. "Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Lẹ́ẹ̀dì lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọn ò dè é rárá. Àbí ẹ máa ń fa wáyà yìí ni?"

"Èmi? Mo kàn máa ń dúró jẹ́ẹ́ ni, kí n pe ìrun mi."

Bàbá yára dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n Ràmọ́tà ti ń wá bóòtù nínú agolo. Kò sí bí òun náà ṣe lè mọ̀ bóyá bàbá ń dúró jẹ́ẹ́. Mọ́ṣáláṣí yẹn ló ti ń kírun láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta fún àwọn obìnrin ló máa ń wà. Ohùn Ládàánì ló mọ̀. Kò rí i rí níbi tó ti ń pè é.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó mú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà jókòó, ó fi bóòtù dè é mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì tuntun sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò tó fún Ràmọ́tà, nítorí ó ti rántí pé gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ iṣẹ́ yìí. Ó lu ihò sí ara àpótí, ó fi irin pẹlẹbẹ so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ó wo pulọ́ọ̀gù, ó ní òun náà lè yọ; ó fi irin gbá a mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ṣe tán, ẹni tó bá fẹ́ fa wáyà yẹn yọ, àfi kó pe àwọn alágbẹ̀dẹ.

"Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí bá tún yẹ̀," ó sọ ọ́ sókè kí Frederick lè gbọ́, "kí ẹ wá gba ayọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi!"

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìrun Àílà tó, Ràmọ́tà gbé àga síta kó lè gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìpè bẹ̀rẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé "ẹ wá kírun", ohùn náà kò sì gé. Ó jáde gbangba gba orí òrùlé kọjá. Ràmọ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín ni họ́ọ̀nù ké "gbàà!" bí ìgbà tí ilé wó. Adìyẹ fò, ọmọ ọwọ́ ké, kẹ́kẹ́ wá pa.

Frederick yọrí síta. "Ìyá Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣé ìyẹn náà wà nínú ìpè ni?"

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kò yẹ̀ o. Ṣinṣin ló wà níbi tí wọ́n dè é mọ́. Odindi àpótí ló tẹ̀ lé wáyà bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Lèmọ́mù lẹ́sẹ̀. Baba Àdínì kò tún wá ẹ̀rí mìíràn mọ́. Ó ní gbogbo ènìyàn ti rí i báyìí, ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, ó ti ń wó ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí lulẹ̀. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Àìkú tí àwọn jámáà máa ń péjọ fún wàásí: bí ìpè Àílà ọjọ́ náà bá jáde láìsí wàhálà, ó dára; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Bàbá Làmídì gbé máìkì sílẹ̀. Baba Àdínì fúnra rẹ̀ ni yóò máa pe ìrun títí di ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ràmọ́tà wọnú egungun. Gígé lásán ni ìpè náà ń gé tẹ́lẹ̀. Òun tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe ló wá sọ ọ́ di wíwó lulẹ̀. Bí wọ́n bá gba máìkì lọ́wọ́ bàbá, bóòtù tòun ló bá wọn gbà á.

Ó ń rò ó báyìí ni bàbá yọ. Kò gbé àpótí náà sórí bí àgbà ṣe ń gbẹ́rù. Ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ. Frederick kí i láti òdìkejì títì, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baba," bàbá sì yí gbogbo ara rẹ̀ padà, ẹsẹ̀, èjìká, àti ẹrù, kó tó dáhùn. Ràmọ́tà rí i, kò fi nǹkan pe nǹkan. Ó gba àpótí, ó tú u, ó dá ohun tó já nínú rẹ̀ padà sí ipò. Ó tan iná sí i, ó ki máìkì bọ̀ ọ́, ó sì gbé e fún bàbá.

"Ẹ bá mi mú un lọ́wọ́ bí ẹ ṣe máa ń mú un, Baba. Ẹ sọ nǹkan sí i."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ pe ìrun díẹ̀ kí n gbọ́."

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó jó lọ́jà. "Ìpè kì í ṣe orin, Ràmọ́tà. A kì í pè é ká fi dán nǹkan wò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó, tí bàbá ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sínú máìkì, tí Ràmọ́tà ń fọwọ́ kan ibí, tó ń fọwọ́ kan ọ̀hún, tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀. Àkókò Àílà wá tó. Láti mọ́ṣáláṣí ni ohùn Baba Àdínì ti dìde láìsí ẹ̀rọ. Ọlọ́run má jẹ́ ká ṣépè, ṣùgbọ́n ohùn yẹn dàbí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Bàbá Làmídì dìde. Kò mọ̀ pé máìkì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó kọjú síbi tí wọ́n ń kọjú sí, ó gbé ọwọ́ kan sí etí, ó sì ń fi ètè tẹ̀ lé ìpè náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ládàánì a máa yí ojú sọ́tùn-ún nígbà tó bá dé "ẹ wá kírun", á sì tún yí i sósì níbi "ẹ wá sí àṣeyọrí", kí ọ̀nà méjèèjì lè gbọ́. Ọrùn ni wọ́n fi ń yí i. Àyà kì í kúrò níbi tó kọjú sí. Nígbà tí Baba Àdínì wá dé ibẹ̀, Bàbá Làmídì yí. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò yí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yí, ìbàdí tẹ̀ lé e, èjìká tẹ̀ lé ìbàdí. Wáyà wé mọ́ ọn láyà, ó le gbagidi, àpótí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún lórí tábìlì. Ràmọ́tà fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú.

Ó dúró kí ìpè parí. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Baba, kí ló ṣe ọrùn yín?"

Bàbá jókòó, ó sì gbé máìkì lé orókún.

"Ìgbà ọyẹ́ ni mo gun àkàbà lọ nu ekuru kúrò lára họ́ọ̀nù," ó ní. "Mo ṣubú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gan. Kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan?"

"Yèsí? Yèsí ni n ó sọ fún? Ládàánì tí ọrùn rẹ̀ ò yí, ṣé wọ́n á ní kó máa pè é lọ?" Ohùn tó ń dé Ìjagun tẹ́lẹ̀ ti wá kéré bí ohùn ọmọ ilé-kéwú. "Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, Ràmọ́tà, ìpè Àsùbáà yìí ló ń gbé mi dìde lórí ẹní. Bí wọ́n bá gbà á, kí ni n ó tún máa jí fún?"

Ojú ń ta Ràmọ́tà. Ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ibi tí wáyà ń wọ̀ sí, kò sì bi ara rẹ̀ rí pé ta ló wà ní ìdí kejì wáyà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọrùn ló ń fà, òun ń de sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó tú gbogbo irin àṣejù náà kúrò. Ó fi bóòtù sílẹ̀ lára pánẹ́ẹ̀lì, nítorí ìyẹn ni ẹ̀tọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló wá wáyà mìíràn, gígùn, rírọ̀, tó lè yí ènìyàn ká láìfà. Lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí mọ́ṣáláṣí dá, ó dúró síta lẹ́yìn fèrèsé, bàbá dúró sínú, wọ́n sì jọ ṣe é. Wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà kẹ̀kẹ́ de wáyà mọ́ irin fèrèsé ṣinṣin, kó jẹ́ pé irin ni yóò máa gba gbogbo fífà. Láti irin dé ara àpótí, wọ́n jẹ́ kí wáyà dẹ̀. Fífà kan kò ní í dé ọ̀dọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n ká a sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá.

"Ẹ yí, Baba."

Bàbá yí sọ́tùn-ún. Wáyà tẹ̀ lé e. Ó yí sósì. Nǹkan kan kò mì.

"Ṣé ẹ ó sọ fún wọn?" Ràmọ́tà bi í.

"Iṣẹ́ tìrẹ ti parí, ọmọ mi," bàbá ní.

Lọ́jọ́ Àìkú, mọ́ṣáláṣí kún dé ẹnu ọ̀nà. Ràmọ́tà jókòó lẹ́yìn aṣọ láàárín àwọn obìnrin. Wàásí parí, ìpè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé "ẹ wá kírun", Ràmọ́tà di ọwọ́ obìnrin tó jókòó tì í mú láìmọ̀. Ohùn bàbá jáde lódindi, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó lọ dé òpin bí omi tó ń ṣàn. Àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. Ràmọ́tà fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹkún ló wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí, bí kì í bá ṣe ti Baba Àdínì tí nǹkan gbọ́dọ̀ gún régé fún.

"Ó dára, a gbọ́ ọ," wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú. "Ṣùgbọ́n kí ni gbogbo wáyà jánganjàngan yìí? Yóò gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ bá mi wá ọ̀bẹ, ká gé e kúrú."

Ràmọ́tà kò lè kígbe láti ẹ̀yìn aṣọ, bó bá sì kígbe, àṣírí bàbá ni yóò tú.

"Ẹ má gé e."

Bàbá Làmídì ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dún ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ẹni tó rántí pa ẹ̀rọ. Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ bàbá.

"Ẹ má gé e, ẹ jọ̀ọ́. Ọrùn mi ò yí mọ́. Mo ṣubú lórí àkàbà nígbà ọyẹ́, mi ò sọ fún yín. Gbogbo ara ni mo fi ń yí báyìí. Bí ẹ bá gé wáyà yìí, mi ò ní í lè pè yín mọ́."

Họ́ọ̀nù orí òrùlé gbé e jáde pátá. Àwọn tó ń lọ ata gbọ́ ọ, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ojú títì gbọ́ ọ, Frederick gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé ayọ́ọ̀nù sílẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kò dúró ṣinṣin rí tó bí ó ti dúró lọ́jọ́ náà.

Nínú mọ́ṣáláṣí, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Làmídì. Lèmọ́mù ló wá wúkọ́.

"Ẹni tó ń fi gbogbo ara pè wá," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ara dá a lóhùn. Baba Àdínì, ẹ dá ọ̀bẹ yẹn padà. Ẹ tò, ká kírun."

Ní Alásàrì ọjọ́ yẹn, àwọn tí wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti bá jámáà kírun kẹ́yìn wá. Ìlà àwọn obìnrin kún débi pé Ràmọ́tà bá ara rẹ̀ níwájú gan-an, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ. Nígbà tí ìpè dé "ẹ wá kírun", ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀: ó gbé etí aṣọ náà sókè díẹ̀. Ó rí Bàbá Làmídì tó dijú, tó gbọ́wọ́ sí etí, tó ń yí lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀, ìbàdí, èjìká. Baba Àdínì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti agbádá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà mú, ó sì ń tú u sílẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí bàbá yí padà sósì, Baba Àdínì náà dìde, ó bá a yí lọ.